Ilé Ààbò Obìnrin Tí Ọkọ Ń Lù: Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Níbẹ̀, àti Ibi Tó Ti Kan Àwa Ọlọ́jà

  

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi èmi akọ̀wé léèrè nípa ilé tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù sí. Àwọn kan ní ṣé òótọ́ ni pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn kan ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin láti kọ ọkọ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn ń tẹ́tí. Nítorí àwọn tó ń tẹ́tí yẹn ni mo ṣe wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, tí mo sì kọ ọ́ gùn díẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀wé kà, kó jẹ́ kí ọmọ kà á fún òun.

Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Láyé àwọn ìyá wa àgbà, bí ọkọ bá na obìnrin ju bó ṣe yẹ lọ, ó mọ ibi tó ń lọ. Á di ẹrù ẹ̀, á forí lé ilé bàbá ẹ̀. Ọkọ á wá, òun àti àwọn àgbà ilé ẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, bàbá obìnrin á sì sọ tẹnu ẹ̀ kó tó dá ọmọ padà, tàbí kó má tilẹ̀ dá a padà. Ohun tó jẹ́ kí ilé bàbá lágbára kì í ṣe ògiri ẹ̀. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni, torí ọkọ ń bẹ̀rù wọn. Lóde òní ńkọ́? Bàbá ti kú, tàbí ó wà lábúlé. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó náà, yàrá kan ni òun àti ọmọ mẹ́rin ń gbé. Ọkọ ò sì bẹ̀rù ẹnì kankan nínú wọn mọ́. Ibi tí ilé bàbá ti sú lọ yìí ni ilé ààbò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóde òní ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Erin Pizzey, ní Chiswick, ní ìlú London, lọ́dún 1971. Ilé kékeré kan tí àwọn obìnrin ti ń pàdé láti bára wọn sọ̀rọ̀ ni, wọn ò kọ́kọ́ ṣe é fún sísùn. Àwọn tí ọkọ ti lù bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọn ò fẹ́ padà sílé, bí ọ̀kan ṣe ń gbọ́ ni òmíràn ń wá, títí ilé fi kún àkúnya. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Project Alert, èyí tí Josephine Effah-Chukwuma dá sílẹ̀ ní 1999, ló ṣí Sophia's Place ní Èkó ní 2001. Òun ni wọ́n máa ń pè ní àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ti wà lẹ́yìn ẹ̀, ti ìjọba àti ti àwọn ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tó rárá. Nínú ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ìdílé ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, 31 ló sọ pé ẹnì kan ti na àwọn rí láti ìgbà tí àwọn ti pé ọmọ ọdún 15. Ẹ ka ìsọ̀ mẹ́wàá ní ìlà tiyín. Mẹ́ta nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti kọ́ àwa obìnrin ní ìfaradà tó. Fara dà á nítorí ọmọ. Fara dà á, bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tí ò tíì gbọ́ ọ nínú wa. Ṣùgbọ́n ìfaradà tí èèyàn ń ṣe lábẹ́ ẹgba kì í fún èèyàn lágbára, ńṣe ló ń jẹ agbára tán. Ilé ààbò tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ kì í kọ́ obìnrin kó lè gba ìyà sí i, kì í sì í kọ́ ọ pé kó kọ ọkọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí obìnrin náà tún lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró, kó lè fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, kó sì ní ohun tó máa fi jẹun lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́. Ohun jíjẹ yẹn ni ibi tó ti kan wá, torí pé ibẹ̀ ni ilé ààbò ò ti lè dá a ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹnikẹ́ni ò lè dédé rìn lọ síbẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ sára ògiri. Ẹ lè máa kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ má mọ̀. Ẹni tó ń lọ á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn: ọlọ́pàá, ọsibítù, Wẹ́fíà, tàbí ní Èkó níbí, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní DSVA. Ní 2014 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bí ìgbìmọ̀, ní 2021 ni wọ́n fi òfin sọ ọ́ di iléeṣẹ́ tó dá dúró. Àwọn ló ń gbọ́ ẹjọ́, àwọn náà ló sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbé obìnrin sí.

Bó bá dé, wọn kì í kó ìbéèrè bò ó. Omi ìwẹ̀, oúnjẹ, ibi tó máa sùn sí, ìyẹn ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ló ń wá pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn wọn nìkan, òmíràn láìwọ bàtà, ọmọ lẹ́yìn. Bó bá ní egbò, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí dókítà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, torí ìwé yẹn wúlò bí ọ̀rọ̀ bá di ti kọ́ọ̀tù. Wọ́n á tún rọra bi í bóyá ọkọ ti fún un lọ́rùn rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn o. Fífún lọ́rùn lè má fi àpá sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣèwádìí ti rí i pé ewu ikú tó wà lórí obìnrin tí ọkọ ti fún lọ́rùn ju ti ẹni tó gbá létí lọ fíìfíì. Bí ẹnì kan nínú ìlà yín bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má pè é ní ìjà tọkọtaya.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ibẹ̀ pamọ́ tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ìgbà tí obìnrin bá ń kúrò nílé, àti àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó kúrò, ni ewu pọ̀ jù. A máa ń rò pé bó bá ti jáde, ó ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń fi ẹ̀rù di obìnrin mú, ọjọ́ tó bá rí i pé okùn ti já lọ́wọ́ òun ló máa ń burú jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kó pa fóònù ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí fóònù òde òní lè sọ ibi tí èèyàn wà. Ìdí nìyẹn náà tí wọn kì í fi jẹ́ kí ẹbí wá kí i níbẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibi ọkàn. Obìnrin tí wọ́n ti ń lù fún ọdún púpọ̀ kì í sùn dáadáa. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbà, á fò dìde. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ jẹ, á ní ohun tí ẹ bá fún òun. Ẹ tún bi í, á máa wo ojú yín láti mọ èyí tí kò ní bí yín nínú. Àwa lè máa rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ̀rù ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ojú ẹnì kan kó tó mí. Nítorí náà, nílé ààbò tó dára, nǹkan kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni kó sọ ohun tí a máa sè lónìí. Ìwọ ni kó sọ ìgbà tí o fẹ́ sọ̀rọ̀, bó o bá fẹ́ sọ ọ́ rárá. Kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ rèé, má fún ẹnikẹ́ni. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Judith Herman, tó kọ ìwé lórí irú ọgbẹ́ ọkàn yìí ní 1992, tẹnu mọ́ ọn pé ààbò ló ṣáájú ohun gbogbo, àti pé ìrànlọ́wọ́ tó bá ń gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹni náà kò lè wò ó sàn, bó ti wù kó jọ oore tó. Èmi gbà á gbọ́. Mo ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ bí ọmọ iléèwé, jí báyìí, sùn báyìí, má sọ̀rọ̀. Ẹni tó sá fún ọ̀gá kan, ẹ ò tún gbọ́dọ̀ fi ọ̀gá mìíràn pàdé ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjókòó pọ̀. Àwọn obìnrin márùn-ún, mẹ́fà, á jókòó, wọ́n lè máa dirun fún ara wọn, ẹnì kan á sọ tiẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rọrùn láti sọ: oníkálukú ti rò pé òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, pé nǹkan kan ń ṣe òun ni. Bó bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó olówó, tó tún gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, ìtìjú á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ìtìjú yẹn ni kì í jẹ́ kí a sọ ọ́ síta. Àwọn ọmọ náà ní ìtọ́jú tiwọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ọmọkùnrin tó ń gbá àbúrò ẹ̀ lójú bó ṣe rí bàbá ẹ̀ tó ń ṣe, àwọn náà ti rí ìjà tó pọ̀ ju ọjọ́ orí wọn lọ.

Ti òfin, n ò ní pẹ́ níbẹ̀, lọ́yà ló yẹ kó sọ ọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí. Èkó ṣe òfin láti dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ní 2007. Òfin náà jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ lè gba ìwé àṣẹ ní kọ́ọ̀tù tó máa ká ẹni tó ń lù ú lọ́wọ́ kò, ẹlòmíràn sì lè bá a béèrè ẹ̀ bí òun fúnra ẹ̀ bá gbà. Ó tún sọ pé ọlọ́pàá tó bá dé ibi ìjà gbọ́dọ̀ ran ẹni náà lọ́wọ́ láti rí ibi ààbò àti ìtọ́jú. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé, òun gan-an ni kò ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ibi tó sì dùn mọ́ mi jù ni pé òfin yẹn ka fífi owó jẹni níyà mọ́ ìwà ipá. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2015 sọ pé ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya ẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó ₦200,000, tàbí méjèèjì. Àbújá ni ìyẹn ti kọ́kọ́ múlẹ̀ kí àwọn ìpínlẹ̀ tó máa sọ ọ́ di tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkìtì ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011.

Ó wá ku owó.

Nínú ilé ààbò, obìnrin kì í pẹ́ títí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, tàbí oṣù díẹ̀, torí àwọn mìíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá jáde ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Yàrá ni kó gbà, owó iléèwé ọmọ ni, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ní South Africa, ní agbègbè Limpopo, wọ́n ṣe ètò kan tí èmi ọlọ́jà fẹ́ràn gidi. Wọ́n ń yá àwọn obìnrin abúlé tí kò lọ́wọ́ lówó kékeré láti fi ṣòwò, ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, tí ẹnì kan ń dúró fún ẹnì kejì, bí àwa náà ṣe ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń pàdé láti san owó. Níbi ìpàdé yẹn náà ni wọ́n ti ń jókòó sọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ àrùn éèdì, ọ̀rọ̀ ìyà inú ilé. Ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, ìwà ipá láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́ ti fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn, nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn abúlé tí ètò náà ò tíì dé. Ní 2009 wọ́n tún gbé òmíràn jáde tó fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kàn yá lówó lásán, láìsí ìjókòó sọ̀rọ̀. Owó ti àwọn yẹn náà gbérí, ṣùgbọ́n ìyà ilé ò dín kù bí ti àwọn àkọ́kọ́. Owó àti ọ̀rọ̀, méjèèjì ló jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ná, ibì kan wà tí ilé ààbò àti èmi ò ti fẹnu kò. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ àwọn obìnrin ni ọṣẹ ṣíṣe, ìlẹ̀kẹ̀ sísín, gèlè wíwé, àkàrà òyìnbó. Kò burú fún ọmọdébìnrin tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni obìnrin tó ti ta ata fún ogún ọdún fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe? Ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ Òkè Ọya ń já ẹrù ní Mile 12. Ó mọ apẹ̀rẹ̀ tó ti rà nísàlẹ̀ láìtú u. Ó mọ oníbàárà tó máa san àti èyí tó máa fẹnu lásán ra á. Ọ̀jáfáfá ni! Kì í ṣe iṣẹ́ ló pàdánù, ìsọ̀ àti owó ọjà ló pàdánù. Mo sọ èyí fún obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nílé ààbò. Ó ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ ti mọ ìsọ̀ ẹ̀, á lọ dúró dè é níbẹ̀, àwọn ò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ọjà mìíràn tó lè gbà á sílẹ̀. Mo ní àwa mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ẹ̀ kí ẹ má baà dá ẹni náà mọ̀, ẹ má sì wulẹ̀ máa wá a. Ìyá kan wà tó ń ta èlùbọ́. Ó ń dá àjọ ₦1,000 lójúmọ́, ó fẹ́ kó o lódindi kó fi ra èlùbọ́ lápòlápò nígbà tó bá pọ̀. Ó ti dá a tó oṣù mẹ́fà nígbà tí ọkọ ẹ̀ fọ́ ọ lójú, tó sì sá lọ lóru. Káàdì àjọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rí i. Ó mú un lọ bá alájọ, ó sunkún, ó ní ìyàwó òun wà lórí àìsàn ní ọsibítù. Alájọ yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, àánú ló ṣe é. Ó ka owó náà lé ọkọ lọ́wọ́ pátá. Lóṣù kejì, owó ìsọ̀ ti jókòó, kò sẹ́ni tó san án, wọ́n fi ìsọ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ìyá náà jáde nílé ààbò, ara ẹ̀ ti mókun, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó wá bá wa, ó ní òun fẹ́ kó àjọ òun. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu wa lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti ọmọ méjì fi sùn káàkiri. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ. Kì í ṣe ìfẹ́ ló dá a padà, ebi ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta nílé ààbò, ọjà ti bà á jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí ẹni tó ní ibi lọ́kàn. Ó tún kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn náà o. Ó wà láàyè, ó ń tajà níbi tí n ò ní kọ síbí. Obìnrin tó gbé àpò èlùbọ́ mẹ́ta fún un láwìn lọ́jọ́ tó débẹ̀, tí kò béèrè onídùúró, ọlọ́jà ni bíi tiwa.

Nítorí náà, ohun tó kù sí wa lọ́wọ́ rèé. Ẹ̀yin alájọ, ẹni tó ni káàdì ni kí ẹ máa san owó fún, tàbí ẹni tí òun fúnra ẹ̀ bá ti kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn káàdì. Kì í ṣe ọkọ nítorí pé ó jẹ́ ọkọ. Bí wọ́n bá sunkún, ẹ bá wọn sunkún, kí owó wà lápò yín. Ẹ̀yin olórí ìlà, bí ìsọ̀ kan bá dédé ti, ẹ wádìí kí ẹ tó fi fún ẹlòmíràn. Èmi gbà pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ di ìsọ̀ mú fún oṣù mẹ́ta fún ẹni tó bá sá nítorí ẹ̀mí ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì lè padà sí ọjà yìí, Ìyálọ́jà wa lè kọ ìwé sí Ìyálọ́jà ibòmíràn pé ọmọ wa ni, ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹ̀ nísinsìnyí. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, ó lè ṣe ju ìlẹ̀kẹ̀ àpótí kan lọ.

Ẹnu wa ńkọ́? Ọkọ á wá, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé ẹ ha rí ìyá àwọn ọmọ òun. Ẹ má sọ ibi tí ẹ rò pé ó wà. Ẹ má sọ ibi tí ẹ gbọ́. Ẹ má tilẹ̀ sọ pé ara ẹ̀ ti yá. Ẹ kò mọ̀, ó tán. Kí ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n tètè gbé ìjókòó ẹbí kalẹ̀ láti parí ìjà. Ìjókòó tí ẹnì kan ti ń bẹ̀rù ẹnì kejì, ohun tó ń bẹ̀rù ló máa sọ níbẹ̀, kì í ṣe òtítọ́.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àmọ́ tí kò tíì ṣe tán láti lọ, kò sẹ́ni tó lè lé e. Òun ló mọ ọkọ ẹ̀, òun ló mọ ọjọ́ tí ewu kéré. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kó tọ́jú báàgì kékeré kan sọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe sínú ilé. Kí ìwé ìbí àwọn ọmọ wà níbẹ̀, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, káàdì àjọ, ìwé ìsọ̀, oògùn tó ń lò, aṣọ díẹ̀, owó ọkọ̀. Kó kọ nọ́ńbà fóònù méjì sórí ìwé, torí fóònù lè fọ́ tàbí kí ọkọ gbà á. Bí ọkọ bá mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì ẹ̀, kó yí i padà. Ìsọ̀ tiwa dára fún títọ́jú irú báàgì bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń tú ìdí àpò gààrí wò?

Bó bá lọ tó sì tún padà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ilé ààbò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ń lọ tí wọ́n ń padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó lọ pátápátá, wọn kì í sì í tìtorí ìyẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Bí a bá fi bú u lọ́jà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún fún un lọ́rùn, kò ní sọ fún wa. Àwọn ọkùnrin tí ìyàwó ń lù náà wà, ẹ má rẹ́rìn-ín, DSVA ń gbọ́ ẹjọ́ tiwọn náà.

Nọ́ńbà DSVA ti Èkó ni 08000333333. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní jẹ owó fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pátákó ìsọ̀ yín, ẹ má kọ ohun tó wà fún síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídi ìsọ̀ mú fún oṣù mẹ́ta yẹn á wá síwájú ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Àwọn kan ti ń béèrè pé ta ló máa san owó ìsọ̀ nígbà yẹn, ìbéèrè gidi sì ni, ẹ ronú sí i kí ẹ tó wá. Kí oníkálukú mú káàdì àjọ ẹ̀ dání. Èmi á ti wà nídìí tábìlì pẹ̀lú báírò láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kí a lè kọ orúkọ ẹni kejì sẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n mọ orúkọ tó fẹ́ kọ, kó gba báírò lọ́wọ́ mi, kó lọ kọ ọ́ fúnra ẹ̀.